Bí Mo Ṣe Kun Pálọ̀ àti Yàrá Mi ní Àwọ̀ Sányán

Agbádá sányán bàbá mi ni ó fi àwọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Inú àpótí ni ó ti wà láti ìgbà tí a ti sin bàbá. Ọjọ́ tí mo gbé e jáde láti sá a sóòrùn lẹ́yìnkùlé wa n'Ìbàdàn ni mo rí i pé ohun tí mo ti ń wá fún ògiri pálọ̀ mi láti ọdún méjì nìyí. Kò funfun, kò pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, kò sì ṣú bí igi. Ó dà bíi gàrí tí epo kàn kàn án díẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í pa sányán àtijọ́ láró. Ilé tí kòkòrò inú igbó hun ni wọ́n ti ń ran òwú rẹ̀, àwọ̀ tí kòkòrò bá sì fún un ni ahunṣọ ń lò.

Orúkọ àwọ̀ náà ni ó kọ́kọ́ fa wàhálà. Nígbà tí mo sọ fún akunlé wa pé pupa tí kò pọ́n jù ni mo fẹ́, ó ní, "Pupa báwo, Mọ́mì?" Ó sì tọ̀nà, nítorí pé nínú èdè wa, epo pupa, àgbàdo gbígbẹ àti ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pupa ni gbogbo wọn. Mo bá fa fọ́nrán òwú kan yọ níbi ìṣẹ́tí apá agbádá náà, mo sì mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń po ọ̀dà. Ó bu ọ̀dà funfun olómi tí wọ́n ń pè ní emulsion sínú rọ́bà, ó wá ń kán àwọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀: yellow oxide ni ó pọ̀ jù, red oxide tẹ̀ lé e, dúdú kò sì ju ẹ̀kán méjì lọ. Irú ohun tí irin tó dógùn-ún ń dà ni oxide méjèèjì yìí, òun kan náà ni ó mú kí ilẹ̀ wa pọ́n, ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi í tètè gba àwọ̀ wọn. Ó fi ìka tọ́ ọ sórí páálí, ó dúró kí ó gbẹ, nítorí pé ọ̀dà olómi sábà máa ń ṣú díẹ̀ sí i bí ó bá gbẹ, ó sì gbé òwú mi lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó bára mu.

Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 10. Ìyẹn fún ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 600, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ilẹ̀kùn méjì àti fèrèsé méjì kúrò, ó ku nǹkan bíi 526, tí kò pé mítà onígun mẹ́rin 49. Lórí ògiri tó dán, lítà kan máa ń kun bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan; ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó sì kun ún, nítorí náà gálọ́ọ̀nù onílítà 4 mẹ́ta tó fún pálọ̀. Mo ra ti yàrá náà mọ́ ọn, mo sì ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú rọ́bà ńlá kan kí wọ́n rò ó papọ̀, nítorí pé ọ̀dà tí a bá pò lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í bára mu dọ́ba.

Iṣẹ́ ara ògiri gba ọjọ́ púpọ̀ ju kíkùn lọ. Ọ̀dà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹfun, bí a bá sì kun tuntun lé e, yóò bó bí awọ ejò, nítorí náà a fi irin pẹlẹbẹ ha á, a fi omi nù ún, a fi pọ́tì dí ojú tó là, a sì fi sáńpépà fá a. Nísàlẹ̀ ògiri tó bá balùwẹ̀ pààlà, a rí ibi tó wú tí iyọ̀ funfun ti yọ sí lára. Púlọ́ńbà ni mo pè síbẹ̀, kì í ṣe akunlé. Lẹ́yìn tí ó tún páìpù ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ.

Yàrá ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ní pálọ̀, mo kun páálí mẹ́rin, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti lálẹ́. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n dára, mo ní kí wọ́n máa kun yàrá lọ láìdán an wò. Igi máńgòrò ńlá kan ni fèrèsé yàrá náà kọjú sí. Nígbà tí mo tan iná lálẹ́ ọjọ́ náà, ògiri rí bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú ń bá jà.

Mo ké sí i pé, "Bọ̀dá Pẹ́ńtà, kí lẹ fi kun yàrá mi?"

Ó wo òkè, ó ní, "Mọ́mì, ọ̀dà kọ́ o. Gílóòbù yín ni."

Òótọ́ ni. 6500K ni wọ́n kọ sára gílóòbù náà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun dórí búlúù. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí mo fi síbẹ̀ àti ewé máńgòrò ìta sì ń dá kún un. Mo ra èyí tí wọ́n kọ 3000K sí lára, tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pọ́n díẹ̀, mo ká kọ́tìnnì náà kúrò, ògiri sì padà di sányán. Owó ọ̀dà tí ǹ bá tún ná ni mo fi gílóòbù méjì gbà là.

Àjà ni a kọ́kọ́ kun. N kò fẹ́ kí ó funfun báláú, nítorí pé funfun bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ògiri rí bí ohun tó dọ̀tí, nítorí náà mo ní kí wọ́n da ife kan lára ọ̀dà sányán sínú gálọ́ọ̀nù funfun. Lẹ́yìn náà ni a fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí ògiri àti igun, kí rólà tó tẹ̀ lé e kí etí náà tó gbẹ; a kì í sì í dúró láàárín ògiri kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ibi tí a dúró sí yóò hàn. Akunlé fẹ́ da omi púpọ̀ sí i kí ó lè yára, mo kọ̀ jálẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni, wákàtí mẹ́rin sì ti tó kí a tó kun ún lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n a ti fèrèsé pa, nítorí pé eruku ọyẹ́ kì í fi ògiri tútù sílẹ̀.

Sányán, àlàárì àti ẹtù ni àwọn àgbà kà sí ọba aṣọ òkè, mo sì jẹ́ kí wọ́n pàdé nínú pálọ̀ mi. Àdìrẹ aláró ni mo fi ṣe kọ́tìnnì dípò ẹtù, tìmùtìmù àlàárì méjì péré ni mo kó sórí àga, nítorí pé bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò bo ògiri náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀dà tó kù kò ju ìdajì gálọ́ọ̀nù lọ. Mo kọ iye ẹ̀kán tí wọ́n kán sórí ìdérí rẹ̀, mo sì dì í nínú ọ̀rá. Kò pé oṣù kan tí ọmọ ọmọ mi fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ha ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tún un kùn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé kì í rí i, àyàfi èmi, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá yọjú lápá ìwọ̀ oòrùn tí ó sì tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.