Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Kíkun Mọ́dẹ́lì: Ibo Ni Ìdọ̀tí Yẹn Ti Wá?

Ènìyàn á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta to mọ́dẹ́lì ọkọ̀ ogun, ìyẹn àwòrán ọkọ̀ kékeré tí a fi ike ṣe, pọ̀, á ha gbogbo ojú ìdè rẹ̀ títí kò fi ní hàn mọ́, á wá fi alẹ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́ nídìí ọ̀dà. Ó máa ń dùn mí, torí kì í ṣe pé ọwọ́ onítọ̀hún ò mọ iṣẹ́. Ó kàn fi ọ̀dà ṣe ìpáàrà, eruku àti ẹrẹ̀ sára rẹ̀ kó lè jọ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, láì béèrè ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni.

Ọ̀dà tó bó ni mo máa kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ ni àṣejù pọ̀ sí. Lára mọ́dẹ́lì 1/35, mìlímítà 1 dúró fún mìlímítà 35 lára ọkọ̀ gidi. Tí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì ya àpá tó fẹ̀ tó mìlímítà 2 sétí ìlẹ̀kùn, ẹ ti sọ fún wa pé ọ̀dà bó níbẹ̀ tó ìka mẹ́rin tí a tò pọ̀. Lára bàálù 1/72, àpá kan náà ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 14. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ ya fóòmù kékeré bí èékánná, ẹ tì í bọ inú ọ̀dà búráùn tó ṣú, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló tó kan mọ́dẹ́lì: ibi tí àwọn ọmọ ogun ń gbẹ́sẹ̀ lé gun òkè, etí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì. Ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í dé, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bó ló ń dógùn-ún. Aluminíọ̀mù ni ara ọ̀pọ̀ bàálù Ogun Àgbáyé Kejì, bẹ́ẹ̀ aluminíọ̀mù kì í dógùn-ún. Tí ọ̀dà bá bó lápá rẹ̀, àwọ̀ fàdákà ni kó yọ. Páìpù èéfín ọkọ̀ ogun ni ìpáàrà yẹ, torí ooru ti jó ọ̀dà rẹ̀ dànù. Ẹ̀wọ̀n irin tó fi ń rìn ńkọ́? Ìpáàrà lè wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ń tẹ ilẹ̀ a máa dán, nítorí òkúta ń ha á nígbà gbogbo.

Èyí tó dùn mí jù lọ́wọ́ ara mi ni ti ọ̀dà olómi tí a fi ń mú kí kọ̀rọ̀ ṣókùnkùn. Ọ̀dà enamel, irú èyí tí tínà máa ń yọ́, ni mo fi kun ọkọ̀ kan, n kò fi fáníìṣì bò ó, mo wá da ọ̀dà olómi tí a fi tínà pò lé e. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ti ń bá búrọ́ọ̀ṣì mi lọ. Ẹ fi fáníìṣì tó ń dán bò ó, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan kọ̀rọ̀ nìkan. Ọ̀dà á sáré lọ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń nu àṣẹ́kù, ẹ máa fà á wá sísàlẹ̀ bí òjò ṣe ń ṣàn. Ti bàálù yàtọ̀: ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ epo rẹ̀ sí.

Ẹ má lo dúdú kirikiri tàbí funfun báláú. Àwọ̀ ohun tó jìnnà a máa ṣá lójú wa, bí a sì ṣe ń wo mọ́dẹ́lì nìyẹn. Eérú tó ṣú tó fún táyà.

Àwọn yòókù ò gba àlàyé púpọ̀: ẹ fi omi ọṣẹ fọ ike kí ẹ tó kun ún, òróró ilé iṣẹ́ lè wà lára rẹ̀, ẹ má sì fi ọ̀dà nípọn lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́nà mẹ́ta sàn jù.

Eruku ló kẹ́yìn, lẹ́yìn fáníìṣì tí kì í dán. Ẹni tó bá fọ́n fáníìṣì lé eruku oníyẹ̀fun á rí i tó ń pòórá lójú ara rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ti gbẹ a máa funfun díẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sára ọkọ̀ a máa ṣú, ó sì yẹ kí méjèèjì pọ̀ sísàlẹ̀ ju òkè lọ.