Bí mo ṣe yan ohun tí mo fi bo ojú páálí àti lébẹ́ẹ̀lì àwọn ìpara mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi kí n má baà gbàgbé: páálí kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ náwó lé lórí. Mo mọ̀ pé òun lojú ń kọ́kọ́ rí, òun náà ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti ṣí i tán, páálí ti di ìdọ̀tí nìyẹn, ìgò àti ike tó wà nínú ẹ̀ ló kù tí wọ́n á máa fi ọwọ́ tútù àti ọwọ́ olóròóró dì mú títí ọjà á fi tán. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú mi nìyẹn, ó sì yàtọ̀ gan-an sí bí àwọn tó ń tẹ̀wé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Ọjà mẹ́ta ni mo ní: òróró ojú nínú ìgò kékeré tó máa gbé inú páálí, ìpara ara tó ki nínú ike ẹlẹ́nu fífẹ̀, àti lóṣọ̀n nínú ike tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó jáde. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa bá mi tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé ìwé sáńpù síwájú mi, gloss tó ń dán rèé, matte tí kì í dán rèé, spot UV tó ń dán níbi orúkọ nìkan rèé, soft-touch tó rọ̀ lọ́wọ́ bí ara ọmọ tuntun rèé. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan lèèyàn fi ń yàn, soft-touch ni gbogbo wa máa mú, kò sí àní-àní. Àmọ́ sáńpù inú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó da òróró sí i rí, kò bá kọ́kọ́rọ́ ilé jókòó nínú báàgì rí, kò wọ balùwẹ̀ rí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní abala díẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n gbé e lọ sílé, wọ́n sì fún mi láìjanpata. Ẹ máa béèrè o, wọ́n ń fúnni.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo mú bírò, mo kọ ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo kọ ohun tó máa kàn án sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Páálí: páálí ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa fi ara ra á nínú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ àwọn tó ń rajà, ó tán. Ike ìpara: òróró, omi, ooru balùwẹ̀, èékánná, fún oṣù púpọ̀. Ike lóṣọ̀n: gbogbo ìyẹn náà, ká tún wá fi títẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Ìdérí: ọwọ́ tó ń yí i ní gbogbo ìgbà.

Fún ẹni tí kò mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní kóòtìn, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bo ojú íǹkì lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ohun tí wọ́n ń tà fún wa ò ju mélòó kan lọ, orúkọ ló pọ̀. Àkọ́kọ́ ni fánìṣì tí wọ́n fi omi pò, inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gan-an ni wọ́n ti máa ń dà á sórí íǹkì, ó fẹ́lẹ́, ó ń gbẹ kíákíá, owó ẹ̀ kò ga, páálí tí wọ́n bá sì lò ó fún ṣì ṣeé lọ̀ padà di pépà. Èkejì ni fánìṣì UV, iná UV (irú ìmọ́lẹ̀ tójú ò lè rí) ló ń sọ ọ́ di líle lójú ẹsẹ̀, ó ń dán, ó le, ṣùgbọ́n líle yẹn náà ló ń jẹ́ kó là níbi tí wọ́n bá ti ṣẹ́ páálí. (Kò dá oòrùn dúró o, mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni.) Ẹ̀kẹta ni láminéètì, ìyẹn ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú pépà, BOPP (ọ̀rá tí wọ́n fi polypropylene ṣe) ló wọ́pọ̀ jù, ó sábà máa ń wà láàárín micron 12 sí 30, micron 1,000 ló sì wà nínú mìlímítà 1, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Omi ò lè gba ojú ẹ̀ wọlé. Etí tí wọ́n gé ṣì wà ní ìhòòhò ṣá, ibẹ̀ ni omi àti òróró ń gbà wọlé. Matte, gloss, soft-touch, irú ọ̀rá tàbí irú fánìṣì tí wọ́n bá lò ló ń fún wa ní gbogbo ìyẹn.

Páálí ni mo kọ́kọ́ dán wò torí òun ló rọrùn. Àwọ̀ tí ẹni tó bá mi ṣe dìsáìnì fẹ́ ni búlúù tó ṣú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Mo mú abala méjì, mo kọjú wọn síra wọn, mo gbé nǹkan wíwúwo lé e, mo wá ń fà á síwá sẹ́yìn. Ní ilé iṣẹ́ ńlá wọ́n ní ẹ̀rọ fún eléyìí, Sutherland ni wọ́n ń pè é, ìlànà ASTM D5264 ló wà fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn náà lè fi ohun tó pọ̀ hàn. Láminéètì matte lásán ò jẹ́ kí íǹkì kúrò rárá, ṣùgbọ́n ìlà funfun-funfun kún ojú ẹ̀, gbogbo ibi tí èékánná gbà ló hàn. Soft-touch ń gba ojú ìka, tí ìka bá ti lóròóró díẹ̀ báyìí àpá ẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Fánìṣì olómi tó jẹ́ matte, ibi tí mo fi ra ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n pa á láró méjì. Ọ̀rá matte kan wà tí wọ́n ṣe ní pàtó kó má baà tètè ha, ìyẹn dúró dáadáa, owó ẹ̀ sì gun òkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe kóòtìn ló ń dà mí láàmú, àwọ̀ ni. Àwọ̀ tó ṣú kì í bo àṣírí. Gbogbo ìlà, gbogbo ìka, gbogbo ibi tí páálí bá ti là níbi ṣíṣẹ́ tí pépà funfun sì yọjú, ara dúdú ló ti ń hàn jù. Mo ní kí dìsáínà yí i padà, kí páálí funfun, kí búlúù wà nínú lẹ́tà àti ìlà kan péré. Inú ẹ̀ ò dùn, ó ní mo ti bà á jẹ́, mo ní kó má bínú. Bó ṣe di funfun báyìí, fánìṣì olómi tí kò dán jù tí kò sì kú jù ti tó o, kò sí ìdí kankan fún ọ̀rá mọ́, owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ lébẹ́ẹ̀lì.

Lébẹ́ẹ̀lì ike ìpara ni mo pẹ́ sí jù. Lébẹ́ẹ̀lì pépà ò tiẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà, torí tí òróró bá ti kán sí i, pépà á mu ún, ibẹ̀ á ṣú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́ láé, kódà tẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá bo ojú ẹ̀, etí ni òróró máa gbà. Lébẹ́ẹ̀lì BOPP funfun ni mo mú. Ṣùgbọ́n íǹkì ṣì wà lórí BOPP yẹn, ó ṣì fẹ́ ààbò, ìbéèrè tó kù wá ni pé ṣé fánìṣì ni àbí ọ̀rá mìíràn lórí ẹ̀.

Mo gba oríṣi méjèèjì, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ike òfìfo, mo wá fi ìpara tèmi gan-an pa á. Kì í ṣe òróró ẹlòmíì o, ọjà tó máa wà nínú ike yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lò. Mo fi omi gbígbóná, mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì nù ún, mo gbé òmíràn sí balùwẹ̀ kó máa gba ooru níbẹ̀. Omi ò ṣe fánìṣì ní nǹkan kan. Ìpara tí kò ní òórùn náà ò ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ èyí tó ní òróró èèpo ọsàn nínú, nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ojú fánìṣì ti ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, mo fi òwú nù ún, íǹkì tẹ̀ lé òwú. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: limonene ló pọ̀ jù nínú òróró èèpo ọsàn, limonene yìí sì ni wọ́n ń tà káàkiri fún yíyọ gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà. Nǹkan tó ń yọ ọ̀dà la fi ṣe òórùn dídùn, ká wá máa retí pé kí fánìṣì fẹ́lẹ́ kan dá a dúró! Lébẹ́ẹ̀lì tó ní ọ̀rá lórí, íǹkì ẹ̀ wà ní sáńdíwìṣì láàárín ọ̀rá méjì, kò mira. Òun ni mo mú.

Ohun tó wá kù tó lè da ọ̀rá láàmú ni etí àti gọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n gé igun lébẹ́ẹ̀lì róbótó, torí igun ṣóńṣó ló ń kọ́kọ́ ṣí. Mo ní kí wọ́n dín gíga ẹ̀ kù kó má dé ibi tí èjìká ike ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, torí ibi tó tẹ̀ sí apá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, lébẹ́ẹ̀lì ò lè jókòó síbẹ̀ dáadáa, ó máa hun jọ. Kí ike tó gba ìpara la ti máa ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn báyìí, nígbà tára ẹ̀ ṣì mọ́ tó gbẹ, a sì ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán kí gọ́ọ̀mù mú dáadáa, torí gọ́ọ̀mù lébẹ́ẹ̀lì kì í lágbára tán lójú ẹsẹ̀.

Ike lóṣọ̀n yá. PE (polyethylene, irú ike tó rọ̀) ni ike yẹn, ó ń tẹ̀, ó ń padà, BOPP ò sì lè bá a tẹ̀, ó máa hun jọ. Lébẹ́ẹ̀lì PE pẹ̀lú ọ̀rá tó rọ̀ lórí ẹ̀, ó parí. Ẹnì kan ti fẹ́ kí n tẹ íǹkì sí ara ike tààrà ká má lo lébẹ́ẹ̀lì rárá, ó mú sáńpù wá, ó rẹwà lóòótọ́. Mo fi bíléèdì fa ìlà díẹ̀ sí i níbùú lóròó, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, mo fà á, odindi lẹ́tà ló bá sẹ́lótéèpù jáde. Ìdánwò yẹn náà ní ìlànà tiẹ̀, ISO 2409, tàbí ASTM D3359. Ohun tó fà á ni pé PE àti PP (polypropylene) kì í fẹ́ gba íǹkì, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi iná tàbí iná mànàmáná corona ra ojú ẹ̀, tí wọ́n bá sì ti ṣe é, agbára ẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yẹn, kó béèrè ìgbà tí wọ́n fi iná ra á.

Ìdérí aláwọ̀ wúrà ò gba àkókò mi. Ike ni wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn, tí wọ́n wá fi fánìṣì bò, ọjọ́ tí fánìṣì yẹn bá ha, wúrà lọ. Mo mú ìdérí ike tí àwọ̀ ẹ̀ wà láti inú dé ìta, tó bá ha, àwọ̀ kan náà ló wà lábẹ́. Aluminium tí wọ́n ṣe anodising sí (ìyẹn tí wọ́n fi iná mànàmáná sọ ojú ẹ̀ di líle) dáa jù ú lọ, ti ẹni tówó ẹ̀ bá ká a.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí àfi tó bá kù díẹ̀: nọ́ńbà bátìṣì àti déètì. Íǹkì ẹ̀rọ tó ń tẹ déètì kì í fẹ́ gbẹ lórí ọ̀rá tàbí lórí fánìṣì UV, ẹ bá fọwọ́ kàn án báyìí ó ti di èérí. Àwọn tó ń tà sí Yúróòpù tiẹ̀ ní òfin lórí ẹ̀, Regulation 1223/2009, abala 19, pé ohun tí wọ́n kọ sára ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé kà, kó má sì ṣeé nù kúrò. Nítorí náà mo ní kí wọ́n fi ojú kékeré kan sílẹ̀ lábẹ́ páálí láìfi fánìṣì kùn ún, kí wọ́n fi etí tí wọ́n máa lẹ̀ pọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí gọ́ọ̀mù fẹ́ ìwé tó ṣí. Lára ike, ìdí ike la ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ti oòrùn: nínú íǹkì, magenta (pupa) àti yellow ló ń kọ́kọ́ ṣá, dúdú àti cyan (búlúù) máa ń pẹ́. Ìwọ̀n kan wà fún bí àwọ̀ ṣe lè fara da ìmọ́lẹ̀ tó, Blue Wool ni wọ́n ń pè é, láti 1 dé 8, 8 ló lágbára jù. Tọ́jà yín bá máa jókòó sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má wá a nínú kóòtìn.

Nígbà tí mo wá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò kọ "matte tó dáa" síbẹ̀. Mo kọ orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì, orúkọ ọ̀rá tó wà lórí ẹ̀ àti micron ẹ̀, ibi tí kò gbọ́dọ̀ sí fánìṣì, bí igun ẹ̀ ṣe máa rí. Mo tún ní mo fẹ́ rí sáńpù láti inú ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi tẹ gbogbo iṣẹ́ gan-an, torí àwọn ẹ̀rọ tó ń lo tóńà kan máa ń fi òróró silicone sílẹ̀ lójú ìwé, láminéètì lásán kì í sì í fẹ́ mú lórí ìyẹn, èyí tó bá mú lórí iṣẹ́ offset (ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo íǹkì) lè bó lórí tiwọn. Mo fọwọ́ sí sáńpù méjì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi.

Ẹni tó bá ṣì ń rò ó ní soft-touch, mi ò ní kẹ́ ẹ má lò ó o. Tó bá jẹ́ páálí ẹ̀bùn tí èèyàn máa gbé sórí tábìlì dígí tí kò sì ní dà nù, ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn rí i pé àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ ò ṣú, kẹ́ ẹ sì béèrè irú èyí tí kì í tètè ha.