Òòbẹ̀ Wọlé Lóru: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ní Adó-Èkìtì, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí máńgòrò sì ń pọ́n, òòbẹ̀ a máa ṣìnà wọlé. A ti ṣí fèrèsé nítorí ooru, kò síná, nǹkan dúdú kan á sì máa fò yí orí wa ká. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ àbúrò mi fi ọwọ́ lásán gbá ọ̀kan mú, ó là á mọ́lẹ̀, ó jù ú sí àkìtàn, ó sì padà lọ sùn. Àárọ̀ ló tó fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn mí: ojú kékeré méjì, bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. "Ẹ̀gbọ́n, kò tiẹ̀ dùn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń pani. Eyín òòbẹ̀ kéré débi pé ẹni tó sùn wọra lè má mọ̀ pé ó bu òun jẹ. Lọ́dún 2024, ní Ontario ní Kánádà, àrùn dìgbòlugi pa ọmọ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá àdán nínú yàrá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò rí àpá kankan lára rẹ̀, wọn kò sì gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá bá òòbẹ̀ nínú yàrá tí ọmọdé tàbí ẹni tó sùn wà, ẹ má sọ pé "a kò rí ọgbẹ́", ẹ lọ rí dókítà.

Àwọn kan á ní ajá ló ni dìgbòlugi. Òótọ́ ni pé nínú èèyàn 100 tí àrùn yìí ń pa láyé, bíi 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Dìgbòlugi gan-an, ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ti ń gbé ara àdán. Ṣùgbọ́n àwọn fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi wà lára àdán nílẹ̀ Áfíríkà. Ara àdán ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Lagos bat virus, lọ́dún 1956. Ìbátan mìíràn, Duvenhage, pa ọkùnrin kan ní South Africa lọ́dún 1970 lẹ́yìn tí àdán bù ú jẹ. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó wà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kápá ti Èkó yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín: ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bó bá ti bu èèyàn jẹ, ẹ má fi epo pupa, àdín tàbí ata sójú ọgbẹ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Èmi ni mo ń fi ife da omi sí ọkọ àbúrò mi lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kejì ló ti fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo ní kò tíì tó.

Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tí wọ́n ń gún ní kẹ́mísì kì í ṣe ti dìgbòlugi. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ní Adó tàbí ní Ìdó. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kejì á tẹ̀ lé àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 3, ìkẹta ní ọjọ́ 7, dókítà á sọ ìyókù; òmíràn tún wà tí wọ́n ń gún yí ojú ọgbẹ́ ká. Ẹ má dá a dúró lágbedeméjì nítorí pé ara yín le. Àrùn náà lè fara pamọ́ fún oṣù méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn ọdún kan, bó bá sì ti fara hàn, ikú ló sábà ń kù. Ẹni tó gbà pé àwọn ayé ló rán òòbẹ̀ náà, kó máa gbàdúrà lójú ọ̀nà ọsibítù.

Ẹ má fọ́ orí òòbẹ̀ náà, torí ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàyẹ̀wò. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn kó o sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ pe dókítà ẹranko. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Bí kò bá kan ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì sùn níbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ṣí fèrèsé, yóò jáde fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé àkìtàn lọ́jọ́ náà, òòbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ajá aládùúgbò wa dúró níbẹ̀, ó ń lá ẹnu. A bi olówó rẹ̀ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ rí, ó ní rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn la jọ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.