Bí mo ṣe yan kámbà pléètì fún E46 mi tó ti lọlẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gé mọ́tò yín sílẹ̀ n'Ìbàdàn, ẹ yí sitẹ́ríǹ kanlẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú yín wò. Tèmi, láti ìta, ìlà ara ẹ̀ ṣì jinlẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá rí i á ní táyà tuntun ni, àmọ́ inú lọ́hùn-ún ti pá, wáyà ti fẹ́ máa yọ. BMW E46 ni mo ń wà, mo ti fi sípíríǹgì kúkúrú àti ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, mo sì fẹ́ràn bó ṣe jókòó sílẹ̀ yẹn, mi ò ní gbé e sókè padà. Ohun tó kù ni kí n wá nǹkan tó máa jẹ́ kí táyà dúró dáadáa bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn, ìyẹn kámbà pléètì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, kámbà ni bí táyà ṣe fì sínú tàbí síta tẹ́ ẹ bá dúró níwájú mọ́tò tẹ́ ẹ ń wò ó. Tí orí ẹ̀ bá fì sínú, nẹ́gátíìfù nìyẹn. E46, Golf, Corolla, MacPherson ni iwájú gbogbo wọn, orúkọ ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan ni, Earle MacPherson. Nínú irú èyí ṣọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ló gbé táyà dúró, orí ẹ̀ wọnú ilé kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti E46 nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló dè é. Tẹ́ ẹ bá gé mọ́tò sílẹ̀, áàmù ìsàlẹ̀, irin tó so ìdí táyà mọ́ abẹ́ mọ́tò, á na ìdí táyà síta, orí táyà á wá fì sínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kámbà pléètì ló máa ń gba ipò mọ́ǹtì, ìyẹn ohun onírọ́bà tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ilé yẹn, ó ní ihò gígùn tẹ́ ẹ lè fi ti orí ṣọ́ọ̀kì sínú tàbí fà á síta kẹ́ ẹ tó dè é pa.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ń bá lò o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní Honda Accord, End of Discussion, fẹ́ bá mi rà á pọ̀, mo ní kó má dán an wò, torí iwájú tiẹ̀ ní áàmù lókè ó ní nísàlẹ̀, orí ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló ń darí bí táyà ṣe fì. Áàmù òkè tó ṣeé fà gùn tàbí fà kúrú ni kó wá, pléètì ò ní ṣe nǹkan kan fún un.

Kí n tó yọ kọ́bọ̀ lápò, mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Mo gbé mọ́tò sórí símẹ́ǹtì tó tẹ́jú nínú kọ́ḿpáǹdì wa, mo fi fóònù wo ilẹ̀ bóyá ó dọ́gba, mo wá gbé irin gbọọrọ kan tó gún régé dúró lórí ríìmù láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo fi fóònù lé irin yẹn, ó sì ń sọ iye dìgírì tó fì. Apá òsì 1.5 nẹ́gátíìfù, apá ọ̀tún 2.1. Ilé-iṣẹ́ kì í fi tiwọn sílẹ̀ tó 1 pàápàá. Iye tó pọ̀ yẹn kọ́ ló tilẹ̀ dààmú mi jù, pé apá méjèèjì ò bára mu ló dààmú mi, torí ìwọ̀n kan náà ni mo gé wọn sílẹ̀.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo fi rúlà irin gba orí ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì kọjá. Ti òsì, rúlà sùn lé e pẹrẹsẹ. Ti ọ̀tún, rúlà ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ ẹ̀, irin ibẹ̀ ti wú sókè yí àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti là wẹ́wẹ́. Kòtò ló ń ṣe é, àwọn kòtò tí omi òjò máa ń bò lójú tẹ́ ẹ máa já sí láìmọ̀, ṣọ́ọ̀kì á gbá orí ilé yẹn látìsàlẹ̀, tí mọ́tò bá tún lọlẹ̀ ó ń gbá a ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn E46 mọ̀ fún un gan-an, BMW fúnra wọn ní irin pẹlẹbẹ kan tó ń wọ abẹ́ ibẹ̀ láti mú un le. Nítorí náà pánẹ́ẹ̀lì bítà ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé igi lé e, ó fi háńmà lù ú padà díẹ̀díẹ̀ títí rúlà fi sùn lé e, a wá fi irin pẹlẹbẹ yẹn sábẹ́ òsì àtọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pléètì olówó ńlá lé orí irin tó ti wú.

Ó wá ku pé èwo ni kí n rà. Gbogbo ẹni tí mo bi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ni pé èyí lè lọ dé 3, èyí lè lọ dé 4. Lójú tèmi ìyẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn bèèrè. Ọ̀pọ̀ pléètì yìí, àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ni wọ́n ṣe é fún, àwọn yẹn fẹ́ kí táyà fì sínú sí i ni kó lè di títì mú tí wọ́n bá ń kọ́nà, torí náà ibi tí mọ́ǹtì ilé-iṣẹ́ wà ni pléètì wọn ti bẹ̀rẹ̀, inú nìkan ló sì ń lọ. Èmi tí mo ń ti Bódìjà lọ Challenge láàárọ̀, tí mo fẹ́ kí táyà mi pẹ́, ìta ni mo fẹ́ kó lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ó ń lọ síta tó mélòó, tí kò bá lè dá yín lóhùn ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ tún wo bí ihò orí ilé ṣọ́ọ̀kì yín ṣe fẹ̀ tó, torí ibẹ̀ lorí ṣọ́ọ̀kì á ti dúró, ohun yòówù tí wọ́n kọ sára páálí.

Èkejì, tí mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù n'Ìbàdàn yìí, ni ohun tó wà láàárín pléètì. Oríṣi kan jẹ́ irin lórí irin, bọ́ọ̀lù kékeré kan nínú irin, kò sí rọ́bà kankan níbẹ̀. Sitẹ́ríǹ máa ń mú ṣáṣá pẹ̀lú ẹ̀, mi ò purọ́, àmọ́ gbogbo òkúta tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lẹ ó gbọ́ nínú mọ́tò, eruku ọyẹ́ àti omi ẹrẹ̀ á sì wọnú ẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi máa ṣe kọ́kọ́kọ́. Oríṣi kejì ní rọ́bà tó nípọn yí àárín ká, bí mọ́ǹtì ilé-iṣẹ́ ṣe ní i, ó kàn ṣeé tì ni. Olórí rọ́bà ni mo mú. Títì ojoojúmọ́ ni mò ń rìn, mi ò ní pápá ìsáré kankan tí mò ń lọ.

Mo kọ́kọ́ dé Gate, ní Àràròmí, bóyá mo lè rí tòkúnbọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan gbé méjì jáde látinú ọ̀rá, olóríirin ni.

"Bọ̀dá mi, ẹ wò ó, Jámánì gan-an nìyí."

Mo ki ìka bọ àárín ẹ̀, mo mì í, ó ń lọ ó ń bọ̀, ẹ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún.

"Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti jẹ."

"Ẹ ò rí nǹkan kan, tó bá wọnú mọ́tò á jókòó."

Irú ẹ̀ kì í jókòó, ṣe ló máa ń fẹ̀ sí i, mo kí wọn pé ẹ kú ọjà mo bá tèmi lọ. Táyà tòkúnbọ̀, ẹ lè rí èyí tó dáa, ilẹ̀kùn ńkọ́, iná iwájú ńkọ́, ẹ rà á, àmọ́ ohun tó ní bọ́ọ̀lù nínú tí òpópó ọlọ́pópó ti jẹ, mi ò lè gbà kéèyàn rà á. Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ló bá mi ra tuntun, ó fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹrù ẹnìkan tó ń bọ̀.

Kó tó sanwó, mo ní kó bi wọ́n léèrè nǹkan méjì. Báwo ló ṣe nípọn sí mọ́ǹtì àtilẹ̀wá? Torí tó bá nípọn jù ú lọ mọ́tò á ga sí i, tó bá tín-ín-rín jù á tún lọlẹ̀ sí i, tèmi ò sì láyè àtilọlẹ̀ mọ́, bọ́ḿpù tó wà ládùúgbò wa ti ń ha ìdí ẹ̀. Ìkejì, sípíríǹgì wo ni ìjókòó ẹ̀ wà fún? Sípíríǹgì tó rí bíi ti ilé-iṣẹ́ fẹ̀ lẹ́nu, ti coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì alápapọ̀ tó ṣeé gbé sókè sódò, tín-ín-rín, ìjókòó wọn ò dọ́gba. Ẹni tó bá ra èyí tí kì í ṣe tiẹ̀, orí tábìlì ló máa wà.

Ọjọ́ tá a fẹ́ fi sí i, Álíájì mẹkáníìkì mi mú ìdè sípíríǹgì tòótọ́ jáde, irin tí wọ́n fi ń fún sípíríǹgì pọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà so sípíríǹgì kí wọ́n lè tú orí ṣọ́ọ̀kì, ẹ má gbà kí wọ́n ṣe é fún yín láé, tí wáyà yẹn bá já ó lè pààyàn. Spánà 13 ló tú nọ́ọ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lókè, ìyókù ò nira. Pléètì ní ìlà wínníwínní lára, a fà á síta, a rọra ti bọ́nẹ́ẹ̀tì wò bóyá orí ẹ̀ á gbá a, kò gbá a.

Ibi aláyínmẹ́ǹtì, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ́kọ́ mú táyà gún síwájú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kámbà ni ká kọ́kọ́ parí, torí tẹ́ ẹ bá ti orí ṣọ́ọ̀kì báyìí, ojú táyà náà á yí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ á bàjẹ́. Tí ojú táyà ò bá gún, ó ń jẹ táyà yára ju kámbà lọ gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá kámbà jà nígbà tó jẹ́ pé ìyẹn ló ń jẹ wọ́n. Òsì àtọ̀tún dúró ní 1.1 nẹ́gátíìfù, ojú táyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gún pátápátá, ó kàn wọnú bíńtín. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kọjá orí nọ́ọ̀tì àti pléètì kí n lè mọ̀ tó bá sún, lẹ́yìn tí mo ti gun òkè Mọ́kọ́lá sọ̀ ọ́ dáadáa, Álíájì tún dè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àtìgbà yẹn, inú táyà, àárín àti ìta ń jẹ papọ̀. Ẹ̀yìn ló kù. Ẹ̀yìn E46 ò nílò pléètì, bóòtù tí wọ́n fi ń sún kámbà ti wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, àmọ́ ti òsì tèmi ti dógùn-ún débi pé kò yí mọ́, a ti da epo sí i, tí kò bá gbà a máa gé e, ká fi bóòtù àti búùṣì tuntun síbẹ̀.