Plọ́ọ̀gì ọkọ̀: ti bàbà àbí ti irídíọ̀mù (irin líle kan), èwo lẹ máa rà?

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín ná kẹ́ ẹ tó dá mẹkáníìkì lóhùn. Tó bá jẹ́ Peugeot 504 oníkábúrétọ̀, bàbà ti tó o, kò wọ́n, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni bàbà wà, irin nickel ló wà lẹ́nu ẹ̀, ó máa ń tètè jẹ, tó bá ti rìn tó 30,000 kìlómítà ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Camry Muscle ní tiẹ̀, irídíọ̀mù ló bá dé láti ilé iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí owó ki bàbà bọ̀ ọ́, pàápàá tó bá jẹ́ V6 (ẹ́ńjìnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà), torí plọ́ọ̀gì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn yẹn, àfi kí wọ́n tú intake (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) kọ́wọ́ tó dé ibẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn á ju owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ irídíọ̀mù gidi lè rìn kọjá 100,000 kìlómítà.

Gidi ni mo wí o, ayédèrú pọ̀ lọ́jà! Ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa: ti irídíọ̀mù máa ń tín-ín-rín gan-an, kì í tó mílímítà kan, ó sì máa ń dúró ṣánṣán láàárín. Tó bá ki tàbí tó wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin gbá ẹnu ẹ̀, ó máa ń kán. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù ni kẹ́ ẹ tó tú u, ọwọ́ lásán lẹ máa kọ́kọ́ fi wé tuntun wọlé kẹ́ ẹ tó fi sípánà dè é.