Plugin tí ò jẹ́ kí Vim rántí fáìlì àti wíńdò tí mo ti ń bọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Vim 9.1, ètò tí mo fi ń kọ kóòdù, ni mo ń lò lórí Linux, mo wá fi plugin (àfikún) kan sí i tó máa ń to orúkọ fáìlì sápá òsì, tí mo bá sì tẹ `-` ó máa gbé àkójọ yẹn wá sínú wíńdò tí mo wà gan-an kí n lè mú fáìlì mìíì níbẹ̀. Mo gbádùn ẹ̀ o, àfi pé látìgbà yẹn tí mo bá tẹ Ctrl-^ kí n padà sí fáìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, inú àkójọ ló ń gbé mi lọ. Ctrl-W p náà, dípò kó dá mi padà sí wíńdò tí mo ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ àkójọ apá òsì ló ń já mi sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà, ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú jù. Mo ti rísítáàtì títí, pàbó. Ṣé Vim mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́, fọkàn balẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí Vim ṣe ń rántí fáìlì, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń rántí wíńdò, plugin ẹ sì ti ba méjèèjì jẹ́. Tẹ `:ls`, wàá rí `%` lára fáìlì tó wà níwájú ẹ àti `#` lára èyí tí Ctrl-^ máa gbé ẹ lọ, wíńdò kọ̀ọ̀kan ló sì ní `#` tiẹ̀. Ti wíńdò, `:echo winnr('#')` ló máa sọ nọ́ńbà èyí tí Ctrl-W p máa lọ. Ohun tí plugin yẹn ń ṣe ni pé ó ń sáré wọ wíńdò àkójọ lọ tún un kùn, á sì sáré padà kó o tó mọ̀, bí ẹni tó gba àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá kọjá ni, o lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Èyí tó o ní kì í ṣe gbogbo ìgbà yẹn, CursorHold ni mo fura sí, ìyẹn ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí plugin lè so autocmd (àṣẹ tí Vim ń ṣe fúnra ẹ̀) mọ́. Tó ò bá fọwọ́ kan kíbọọ̀dù fún 4000 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn sẹ́kọ́ńdì 4, nìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, àfi tó o bá ti yí `updatetime`, tó ń pinnu iye àsìkò yẹn, padà. Dán an wò: kúrò ní wíńdò kan bọ́ sí òmíì, tẹ Ctrl-W p lójú ẹsẹ̀. Tún un ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kejì yìí jókòó wò ó títí dé sẹ́kọ́ńdì márùn-ún kó o tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà fi `vim --clean`, tó ń ṣí Vim láìsí plugin tó o fi sí i, ṣí i wò, kó o wá tẹ `:verbose autocmd CursorHold` nínú Vim tìẹ, á sọ fáìlì àti ìlà tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ah ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbà á mú! Lójú ẹsẹ̀ ó ṣe dáadáa, tí mo bá dúró ó bàjẹ́. `--clean` ò níṣòro kankan. Mo ṣí fáìlì plugin náà, mo rí `wincmd t`, lẹ́yìn ẹ̀ ó pe `s:Kun()`, function tó ń tún àkójọ kùn, ó wá ṣe `wincmd p`. Mo fi `noautocmd` síwájú méjèèjì bí ẹnì kan ṣe ní kí n ṣe, kò gbọ́.

Ìdáhùn: Kò lè gbọ́. `noautocmd` kàn ń dí autocmd lẹ́nu ni, Vim ṣì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti dé wíńdò yẹn. Láti Vim 8.2 sókè, yọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o fi ọ̀kan yìí rọ́pò:

```
call win_execute(win_getid(1), 'call s:Kun()')
```

Mo lo 1 torí wíńdò òkè lápá òsì ni `wincmd t` ń lọ. Tó bá jẹ́ Vim àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kó kọ́kọ́ tọ́jú nọ́ńbà wíńdò méjèèjì, kó wá bẹ̀ wọ́n wò padà, ti tẹ́lẹ̀ ṣáájú, ti ìsìnyí kẹ́yìn:

```
let l:ibi = win_getid()
let l:tele = win_getid(winnr('#'))
noautocmd wincmd t
call s:Kun()
noautocmd call win_gotoid(l:tele)
noautocmd call win_gotoid(l:ibi)
```

Ó rí jákujàku, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ctrl-W p ti dáa! Ó ku Ctrl-^. Mo rí `edit` méjì níbẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí mo bá tẹ `-`, ọ̀kan fún ìgbà tí mo bá mú fáìlì. Mo fi `keepalt`, tó ń jẹ́ kí `#` dúró bó ṣe wà, sí méjèèjì, ó kúrò nínú àkójọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fáìlì tó ti pẹ́ ló wá ń gbé mi lọ báyìí.

Ìdáhùn: Ìkejì nìkan ni kó o fi sí. Wò ó, o wà nínú A, o tẹ `-`, ó yẹ kí Vim kọ A sílẹ̀ bíi `#`, jẹ́ kó kọ ọ́. Ìgbà tó o bá wá ti inú àkójọ mú B ni `keepalt` máa sọ pé kó má fi àkójọ rọ́pò A. Tó o bá fi sí méjèèjì, A gan-an ò ní wọlé rárá. Ara `edit` náà ni kó o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́, má lọ fi síwájú `call`, torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú function ṣì lè yí `#` padà. Kó o kúkú fi `keepjumps` kún un kí Ctrl-O, tó ń dá ẹ padà síbi tó o ti wà tẹ́lẹ̀, náà má bàa máa gbé ẹ padà sínú àkójọ:

```
execute 'keepalt keepjumps edit ' . fnameescape(l:faili)
```

Ìbéèrè: Ó ti ṣe o, ẹ ṣeun gan-an ni! Tí mo bá wá ṣe update plugin yẹn ńkọ́?

Ìdáhùn: Update lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́. Tí kò bá tíì dáhùn tí update sì ti wọlé, wo orúkọ group (àkójọpọ̀ tí wọ́n kó autocmd náà sí) tí `:verbose autocmd` gbé jáde, ká ní Akojo ni, kó o kọ èyí sínú vimrc, fáìlì tí Vim máa ń kà tó bá ń ṣí:

```
autocmd VimEnter * autocmd! Akojo CursorHold
```

Àkójọ ò ní máa tún ara ẹ̀ kùn tó o bá jókòó jẹ́ẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n Ctrl-W p á padà sípò. Ti Ctrl-^ ní tiẹ̀, àfi kó o tún fọwọ́ fi `keepalt` yẹn padà.