Ìlà NA mẹ́ta tó já lù mí nínú àkọsílẹ̀ gbèsè

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ níbí ní Òṣogbo, èmi ni mo sì ń fi R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, bá a ṣírò ọjà. Lálẹ́ àná, mo fẹ́ yọ àwọn oníbàárà tí gbèsè wọn ju 5000 náírà lọ sọ́tọ̀ nínú tábìlì tí mo pè ní oja:

oja[oja$gbese > 5000]

"Undefined columns selected" (òpó tí kò sí ni o mú) ló fi dá mi lóhùn. Kọ́mà ni mo gbàgbé! Ohun tó ṣáájú kọ́mà ló ń mú ìlà, èyí tó tẹ̀lé e ló ń mú òpó. Bí kò bá sí kọ́mà, òpó ni R gbà pé mò ń wá.

Mo fi kọ́mà sí i lẹ́yìn 5000. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ìlà mẹ́ta jáde tó jẹ́ NA (àmì R fún ohun tí kò mọ iye rẹ̀) láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sórúkọ, kò síye. Àyà mi já. Mo ṣí ìwé ẹ̀gbọ́n mi wò: ẹni mẹ́ta wà tí kò kọ iye gbèsè wọn. "Mo ṣáà mọ̀ wọ́n lójú," ló wí. Ẹ gbà mí! R ò lè sọ bóyá NA ju 5000 lọ, ló bá gbé ìlà òfìfo kalẹ̀.

Èyí ló yanjú ẹ̀:

oja[which(oja$gbese > 5000), c("oruko", "gbese")]

Ibi tó bá jẹ́ TRUE nìkan ni which() ń mú. subset(), àṣẹ R mìíràn tó ń yọ ìlà sọ́tọ̀, náà ń fo NA. Ẹ kàn ṣọ́ra fún -which(), tó ń yọ ìlà dànù: bí kò bá rí ẹnì kankan yọ, kò ní fi ìlà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún yín.